Ohùn Tí Kò Ka Orúkọ Alààyè Rí

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fúnra mi kí àwọn ará àdúgbò wa ní Lásúnwọ̀n tó bá mi sọ ọ́: ẹnu mi mú, sùúrù mi kò sì pọ̀. Mardiyah ni orúkọ mi. Ìwó ni wọ́n ti bí mi, iṣẹ́ aṣọ rírán ló gbé mi dé Ìkòròdú, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ni mo sì ń rán jù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ògúnsànyà, onílé mi, ni. Kò sí ẹni tó ti lé lógójì ọdún ní agbègbè wa tí kò mọ ohùn wọn, bí ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ mọ ojú wọn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ka ìkéde òkú lórí rédíò. Ní aago kan ọ̀sán, bí ìròyìn bá ti parí báyìí, ohùn wọn á wọlé, ohùn tó rinlẹ̀, tí kì í kánjú, tí kì í gbọ̀n. Wọ́n á ka orúkọ, wọ́n á ka ọjọ́ orí, wọ́n á ka ilé tí òkú ti jáde àti ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n á bọ́ sórí ẹlòmíràn. Alhaja Làtífátù tó ń ta ọṣẹ ní òdìkejì ilé wa sọ fún mi pé bí ohùn yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ láyé ìgbà náà, ìyá òun á gbé ṣíbí kalẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́ títí orúkọ tó kẹ́yìn á fi kọjá.

Bàbá kò sì fi iṣẹ́ náà ṣeré. Wọn kì í jẹun kí wọ́n tó kà á. Wọ́n á mú pẹ́ńsùlù, wọ́n á fi àmì sórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, bí wọn kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kan, wọ́n á jáde lọ bá ẹbí òkú níta, wọ́n á bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní kò yẹ kí èèyàn ṣi orúkọ òkú kà, torí òkú kò lè dìde wá tún un ṣe.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ohùn náà bá wọn wálé. Bí wọ́n bá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi tí wọ́n ní, "Mardiyah, omi ti dé," àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí gbé kẹ́ẹ̀gì. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n máa fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i, wọ́n ní ẹ̀rín kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ àwọn. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, àwọn nìkan nínú yàrá mẹ́ta, pẹ̀lú fọ́tò ìyàwó wọn lára ògiri àti rédíò kékeré kan tí wọn kì í tàn ní aago kan ọ̀sán.

Èmi àti Kabir, tó ń tún fóònù ṣe níwájú ilé wa, la jọ dá pódíkáàsì sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, eré orí rédíò ni, àmọ́ inú fóònù ló ń gbé, ẹ lè gbọ́ ọ nígbà tó bá wù yín. "Ta Ló Kù?" la sọ eré tiwa. Ìtàn ayé tó ti parẹ́ ni. Ọ̀sà kún, kò fà mọ́. Ó gbé Ìjẹdè, ó gbé ìdajì Ìkòròdú, ó gbé Ẹ̀pẹ́ títí dé òkè. Kò sí iná, kò sí fóònù, kò sí ìjọba; Kabir ní, ní ti èyí tó kẹ́yìn yìí, àwọn tó ń gbọ́ wa kò ní tètè mọ ìyàtọ̀. Rédíò kan ṣoṣo ló kù, lórí òkè kan ní Agbówà, bátìrì mọ́tò ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, akéde àgbà kan á ka orúkọ àwọn tó ṣì wà láàyè sórí rédíò náà, kí àwọn èèyàn wọn, níbikíbi tí wọ́n bá wà, lè mọ̀ pé kí wọ́n máa wá wọn bọ̀.

Yàrá ìránṣọ mi la ti ń gba eré náà sílẹ̀, torí aṣọ máa ń gbé ariwo mì. Èèyàn á jókòó sábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù ọgbọ̀n tí mo fi kọ́, á sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á mọ́ kedere. Kabir ló ń ṣe ariwo yòókù. Gààrí tó ń dà sórí àtẹ díẹ̀díẹ̀ ni òjò wa. Bẹ́sìn omi kan àti àwo ike kan ni ọ̀sà wa.

Ní ti akéde àgbà, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo ṣàlàyé eré náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ṣé lóòótọ́ ni pé orúkọ àwọn alààyè ni àwọn yóò máa kà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wo fọ́tò ara ògiri títí, wọ́n ní àwọn kò ka irú ẹ̀ rí, àmọ́ àwọn á gbìyànjú. Inú mi dùn débi pé mi ò bi ara mi léèrè ìdí tí omi fi lé ròrò sójú wọn.

Kabir ló mú àbá kan wá tó mú kí eré náà gbilẹ̀ láàrin oṣù kan. Ní ìparí eré, a máa ń ní kí ẹni tó bá ń gbọ́ wa fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ lórí wásáàpù, kó dá orúkọ rẹ̀ àti ibi tó wà, kó sì sọ pé, "Mo ṣì wà." Bàbá á wá ka orúkọ wọn nínú eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Haà, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Bísíríyù apẹja fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìjẹdè tòun ti ariwo ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní Agbówà ní òun ṣì wà o, àmọ́ orúnkún òun kò sí mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé kọ̀ọ̀kan, Bàbá á gbé àga wọn wá sí yàrá ìránṣọ mi, wọ́n á ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ gbogbo ohùn tó dé. Mo kọ́kọ́ rò pé òkìkí ló ń dùn mọ́ wọn. Nígbà tó ṣe ni mo rí i pé bí obìnrin bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n á fẹ̀yìn ti àga. Bí ọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ síwájú, bó bá sì jẹ́ pé Ẹ̀pẹ́ ló ti fi ránṣẹ́, wọ́n á ní kí n tún un gbé sí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá tán, wọ́n á bi mí bóyá ó ku ẹni Ẹ̀pẹ́ kankan. Ẹnu mi kò lè dákẹ́, mo ní, Bàbá, ṣé ìyàwó lẹ ní sí Ẹ̀pẹ́ ni?

"Ọmọ ni," wọ́n ní. "Adéfẹ́mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mi ò gbóhùn ẹ̀."

Ojú tì mí. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo kọjú sí wọn, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi.

Ìyàwó wọn, Tẹniọlá, kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láìròtẹ́lẹ̀. Adéfẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ẹ̀pẹ́ nígbà náà. Bàbá pè é lórí fóònù títí, kò lọ. Wọ́n wá rán ìbátan wọn kan pé kó lọ bá a níbẹ̀, kó má sọ ohunkóhun fún un, kó ṣáà mú un wálé, torí a kì í fi ọ̀rọ̀ ikú òbí lé ọmọ lọ́wọ́ lórí ìdúró. Wọ́n á kọ́kọ́ mú un jókòó ná. Wọ́n á fún un lómi mu. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù á di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ó tó sọ ọ́ fún un. Bàbá ní àwọn fẹ́ ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹbí gbé ìkéde Tẹniọlá lọ sí rédíò. Àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní kí Bàbá jókòó sílé, ẹlòmíràn á kà á. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní àwọn ti ka ti gbogbo ayé, ṣé ìyàwó àwọn wá ni ẹlòmíràn yóò fi ẹnu lásán kà? Wọ́n gbà pé ìránṣẹ́ ti dé Ẹ̀pẹ́, pé ọmọ ti wà lọ́nà. Wọn kò mọ̀ pé ìránṣẹ́ ti yà sí Agbówà lọ wo oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó sì ti sùn síbẹ̀. Ní aago kan ọ̀sán, Bàbá ka orúkọ méje. Ìyàwó wọn ni ìkẹrin. Ohùn wọn kò gbọ̀n. Rédíò wà ní títàn ní ṣọ́ọ̀bù tí Adéfẹ́mi ti ń kọ́ṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú epo ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ìyá òun ti kú, láti ẹnu bàbá òun, láàrin òkú àwọn ẹlòmíràn.

Ó wá sin ìyá rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ọjọ́ kẹjọ tán, ó dúró níwájú Bàbá, ó ní ìkẹrin ni wọ́n fi ìyá òun ṣe, wọ́n sì bọ́ sórí ìkarùn-ún láìmí kanlẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀. Ó yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà. Kò wá mọ́.

Èmi tí mi ò ní sùúrù, mo ní, Bàbá, mọ́tò ń lọ Ẹ̀pẹ́ lójoojúmọ́, kí ló dé tí ẹ ò lọ bá a? Wọ́n ní àwọn lọ lẹ́ẹ̀kan, ní ọdún kẹta. Wọ́n dúró lẹ́yìn igi kan lẹ́bàá èbúté, wọ́n rí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, ó ti sanra díẹ̀. Wọ́n fẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n wá rántí pé bí àwọn bá la ẹnu, ohùn yẹn náà ni yóò jáde. Wọ́n wọ mọ́tò padà wálé. 

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti Ẹ̀pẹ́ dé, Bàbá á wá ọ̀nà bi í léèrè èbúté, bóyá iṣẹ́ ń lọ dáadáa fún àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe níbẹ̀. Wọn kì í dárúkọ ẹnì kan. Àárò ọmọ ń sọ wọ́n lójú oorun àti lójú ayé, wọn kò sì ní ẹni tí wọ́n lè sọ ọ́ fún ju èmi aránṣọ yìí lọ.

Nínú eré kẹfà, Bàbá ṣe ohun tí kò sí nínú ìwé tí mo kọ. Wọ́n ka orúkọ mẹ́sàn-án tí mo tò sílẹ̀, wọ́n fi ìkẹwàá kún un, wọ́n ní, "Adéfẹ́mi Ògúnsànyà, ọmọ Ìkòròdú, atúnṣe ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ẹ̀pẹ́." Ohùn wọn kò gbọ̀n. Kabir wò mí, mo wò ó, ó sì rọra da gààrí sórí àtẹ kí òjò lè máa rọ̀ lábẹ́ orúkọ náà. Nígbà tí Bàbá jáde, mo kó ìwé eré márùn-ún ìṣáájú jọ, mo gbé wọn sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù kọ "Adéfẹ́mi", wọ́n sì ti pa á rẹ́.

Bí mo bá gbọ́n ni, ǹ bá yọ orúkọ yẹn kúrò nínú eré. Mi ò yọ ọ́. Mo ní bóyá ọmọ náà á gbọ́, á fi "Mo ṣì wà" ránṣẹ́, Bàbá á sinmi. A gbé e jáde ní Sátidé.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tí èmi àti Kabir kò rò ni pé ohùn yẹn kò ka orúkọ alààyè rí kó tó wọ eré wa. Ẹnì kan gé ibi tó wù ú nínú eré náà, ó yọ ìbẹ̀rẹ̀ tó sọ pé eré ni, ó fi ìyókù ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí wásáàpù, ẹgbẹ́ yẹn fi ránṣẹ́ sí òmíràn. Orúkọ àwọn yòókù, àwọn tó ń bá wa ṣeré ló ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ti Adéfẹ́mi ni gbogbo ayé gbé dání. Ògúnsànyà tó ń ka òkú ti ka ọmọ tirẹ̀. Ta ló tún fẹ́ dúró béèrè nǹkan mìíràn?

Kí Mọ́ńdè tó dọ̀sán, Alhaja Làtífátù ti wọlé tòun ti ìborùn funfun, ó ń sunkún, ó ní kí Ọlọ́run tu Bàbá nínú. Àwọn ará ìjọ Bàbá gbé bẹ́ǹṣì wá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń pariwo pé eré ni, ọmọ náà kò kú. Obìnrin kan dì mí mú, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ní kí n fara balẹ̀, pé ìbànújẹ́ ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Bàbá kò bá wọn jiyàn. Wọ́n pè mí wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Á ti dé Ẹ̀pẹ́," wọ́n ní. "Á ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, Mardiyah."

Mo sunkún, ẹ má jẹ́ n purọ́. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo ní ká gba ohùn mìíràn sílẹ̀ kíá, ká ṣàlàyé, ká fi ránṣẹ́ síbi gbogbo. Kabir náà ní òun mọ ẹnì kan ní Ẹ̀pẹ́ tí òun lè rán sí i. Bàbá mirí. Wọ́n ní àwọn ti fi rédíò ṣe é rí, àwọn sì ti rán èèyàn rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ àwọn ni yóò gbé àwọn débẹ̀.

Ní àárọ̀ Túsìdeè, Bàbá wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n kí àwọn tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n sì kọjá lọ. Mo bá wọn lọ torí ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún ti ń dùn wọ́n láti ọdún tó kọjá, àti torí ẹ̀rí ọkàn mi kò jẹ́ kí n jókòó sílé.  Nígbà tí a dé oríta Agbówà, tí mọ́tò dúró kó èrò, wọ́n ní kí n bá àwọn ra omi inú ọ̀rá kan. Mo rò pé òùngbẹ ni. Wọn kò mu ún. Wọ́n gbé e lé itan títí a fi dé Ẹ̀pẹ́.

Oòrùn ti mú ní èbúté, òórùn ẹja àti òórùn epo dà pọ̀. Bàbá bá ọkùnrin kan tó ń kan pákó mọ́ ọkọ̀, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Adéfẹ́mi ni mò ń wá." Ọkùnrin náà gbọ́ ohùn yẹn, ó gbé òòlù kalẹ̀, ó ṣí fìlà.  Ó kàn nawọ́ sí abẹ́ páànù kan.

Adéfẹ́mi wà níbẹ̀, ó ti rí wa kí a tó rí i. Irun funfun kan méjì ti wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé láti ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ti jẹ́ kó gbọ́ ohùn náà, pé ìyàwó rẹ̀ ti sunkún, pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa fi ara rẹ̀ han èèyàn pé òun wà láàyè. Ó dúró ti ẹ́ńjìnì tó ń tú, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ wá wo òkú yín ni?" ó ní.

Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé eré, ọ̀sà, wásáàpù, gbogbo ẹ̀ pátá. Bàbá gbọ́wọ́ sókè, mo panu mọ́, èmi yìí. Wọ́n wò yíká títí wọ́n fi rí àpótí igi kan, wọ́n fi ọ̀pá fà á wá, wọ́n fi apá bùbá funfun nu epo ojú rẹ̀.

"Jókòó, Adéfẹ́mi."

Ó ní òun kò jókòó. Wọ́n tún un sọ. Ohùn aago kan ọ̀sán kọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti ya, ó sì ń gbọ̀n. Mi ò gbọ́ ọ rí, bóyá ọmọ náà kò sì gbọ́ ọ rí, torí ó wò wọ́n, ó fi sípánà sílẹ̀, ó jókòó. Bàbá fi eyín ya ọ̀rá omi, wọ́n fi sí i lọ́wọ́, wọ́n ní kó mu. Wọ́n dúró títí ó fi mu ún dé ìdajì. Wọ́n wá rọra sọ ara wọn kalẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú epo níwájú ọmọ wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú mú.

"Adéfẹ́mi, ọmọ mi," wọ́n ní. "Màmá rẹ ti kú."

Ìgbà náà ni omi inú ọ̀rá yẹn tó yé mi: ohun tí wọn kò rí ṣe ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni wọ́n ń ṣe. Mo rò pé ọmọ náà á já ọwọ́ rẹ̀ gbà, á dìde, á bá tirẹ̀ lọ. Kò já a gbà. 

"Ìgbà wo, Bàbá?"

"Láàárọ̀ àná. Mo pè ọ́ títí, kò lọ. Mo ní kí n wá sọ fún ọ fúnra mi."

Adéfẹ́mi gbé orí lé èjìká bàbá rẹ̀, ó sì sunkún ìyá rẹ̀. Bàbá kò dá a lẹ́kun, àwọn náà ń sunkún. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn wà nínú báàgì mi. Mi ò yọ ọ́.